Ọta Inú Ìbọn Ìléwọ́ Yín: Ìgbà Wo Ni Ẹ Yẹ̀ Ẹ́ Wò Gbẹ̀yìn?

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ní ìlú Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, ọ̀rẹ́ mi kan jókòó ti tábìlì nínú yàrá rẹ̀, ó ń da ọta jáde láti inú ìbọn ìléwọ́ rẹ̀. Ọmọ Yorùbá ni, iṣẹ́ alẹ́ ni ó sì ń ṣe. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí ó ti ń fi ìbọn náà sí ìbàdí lọ síbi iṣẹ́, tí ó sì ń gbé e padà wálé, kò sì yìn ín rí láti ọjọ́ tí ó ti ki ọta sí i. Ìyàwó rẹ̀ ni ó ta á jí. Ó ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ máa ń yẹ epo àti táyà ọkọ̀ wò kí ẹ tó jáde. Ọta inú ìbọn yìí ńkọ́? Ṣé ó ṣì dára?" Bàbá Ìbejì rẹ́rìn-ín. Ó ní rifọ́fà ni òun rà, pé rifọ́fà kì í dójú ti olówó rẹ̀.

Nígbà tí ó da ọta márààrún sílẹ̀, ẹ̀rín náà tán. Ìpẹtà aláwọ̀ ewé ti bo ìdí méjì nínú wọn. Òwú àti ìdọ̀tí aṣọ ti dí ihò orí ẹ̀kẹta pátápátá. Ó wá mú ọta àfikún tí ó máa ń fi sápò jáde. Márùn-ún ni ó yẹ kí wọ́n jẹ́, mẹ́rin ni ó kà. Wọ́n wá inú ọkọ̀, wọ́n wá abẹ́ ibùsùn. Inú àpò ṣòkòtò kan nínú apẹ̀rẹ̀ aṣọ ìdọ̀tí ni wọ́n ti rí ìkarùn-ún, apẹ̀rẹ̀ kan náà tí àwọn ìbejì ọlọ́dún mẹ́rin máa ń tú ṣeré lójoojúmọ́.

Kò sí ẹni tí ó farapa lọ́jọ́ náà. Síbẹ̀, ọ̀rẹ́ mi sọ fún mi pé oorun kò kun òun ní alẹ́ ọjọ́ yẹn. Ìbọn tí ó gbẹ́kẹ̀ lé lè má ró ní ọjọ́ tí ó bá nílò rẹ̀, ọta tí ó rò pé ó wà lọ́wọ́ òun sì ti ń bá aṣọ rìn kiri inú ilé. Àìbojúwò kan ṣoṣo ni ó bí ìṣòro méjèèjì. Ẹni tí ó bá gbà láti máa gbé ìbọn ti gba ẹrù ọta kọ̀ọ̀kan sọ́rùn: ó gbọ́dọ̀ mọ ipò tí ó wà, ó sì gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ó wà.

Òfin ni kí á kọ́kọ́ wò

Kí á tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí á mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí bá wí. Ní Texas, láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, ẹni tí ó ti pé ọmọ ọdún 21, tí òfin kankan kò sì dí lọ́wọ́, lè gbé ìbọn ìléwọ́ láìgba ìwé àṣẹ ìgbébọn. Àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn ní òfin tiwọn, òmíràn sì le ju ti Texas lọ púpọ̀. Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tún kà á léèwọ̀ fún ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tí ó wọlé pẹ̀lú físà onígbà díẹ̀, bí akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn tí físà iṣẹ́ gbé wọlé, láti ní ìbọn tàbí ọta lọ́wọ́, àyàfi ní àwọn ipò díẹ̀ tí òfin náà yọ sílẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé òfin náà mẹ́nu ba ọta pẹ̀lú, kì í ṣe ìbọn nìkan.

Ní Nàìjíríà, Òfin Ìbọn tí wọ́n ṣe ní ọdún 1959 ka rifọ́fà àti gbogbo ìbọn ìléwọ́ mọ́ àwọn ohun ìjà tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ní láìgba ìwé àṣẹ láti ọwọ́ Ààrẹ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́yìn ìpànìyàn tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní ìlú Dunblane ní ọdún 1996, wọ́n ṣe òfin ní ọdún 1997 tí ó gba ìbọn ìléwọ́ kúrò lọ́wọ́ ará ìlú. Nítorí náà, ẹni tí ó ń gbé ìbọn lọ́nà tí ó bófin mu ní Houston gbọ́dọ̀ tú gbogbo àpò rẹ̀ wò kí ó tó wọ bàálù lọ kí àwọn ẹbí ní Ìbàdàn tàbí ní London. Ọta kan ṣoṣo tí ó gbàgbé sí ìsàlẹ̀ báàgì lè sọ ìrìn àjò ọdún di ẹjọ́.

Ohun tí ó wà nínú ọta kan

Ohun mẹ́rin ni wọ́n pa pọ̀ di ọta òde òní. Àkọ́kọ́ ni ìkarahun, tí wọ́n sábà máa ń fi idẹ ṣe. Èkejì ni ẹ̀tù tí ó wà nínú rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni orí ọta, òjé tí wọ́n sábà máa ń fi bàbà bò, òun ni ó ń fò jáde. Ẹ̀kẹrin ni práímà, ojú rìbìtì kékeré tí ó wà láàárín ìdí ìkarahun. Bí a bá yin ìbọn, irin kékeré kan yóò gbá práímà, iná yóò ràn mọ́ ẹ̀tù, agbára èéfín gbígbóná yóò sì ti orí ọta jáde.

Nínú rifọ́fà, àwọn ọta wà nínú sílíńdà, ìyẹn àgbá kékeré oníhò márùn-ún tàbí mẹ́fà tí ó ń yí bí a ti ń yìn ín. Ìrọ̀rùn rẹ̀ ni ó mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn fẹ́ràn rẹ̀. Bí ọta kan bá kọ̀ láti ró, kí ìka tún fà á lẹ́ẹ̀kan sí i ni, ọta mìíràn yóò bọ́ sí ipò. Òótọ́ ni èyí. Ṣùgbọ́n bí sílíńdà fúnra rẹ̀ bá há, tí ó kọ̀ láti yí, kò sí ọta mìíràn tí yóò bọ́ sí ibikíbi. Ọta tí kò dára sì wà lára ohun tí ó máa ń há a.

Àwọn ọdẹ ilẹ̀ wa mọ ọ̀rọ̀ yìí láti ọjọ́ pípẹ́. Ọdẹ tí ó ń lo ìbọn ṣakabùlà ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọn ẹ̀tù. Ó ń fojú rí i, ó ń fọwọ́ kàn án, bí ọ̀rinrin bá sì ti wọ̀ ọ́, yóò mọ̀ kí ó tó wọ igbó. Ẹni tí ó ra ọta nínú páálí kò ní àǹfààní yẹn, nítorí pé idẹ ti bo ẹ̀tù rẹ̀. Ohun tí ó kù fún un ni kí ó kọ́ bí a ti ń ka àmì tí ó hàn lára ọta náà.

Ìgbékiri ni ó ń bà á jẹ́

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọjọ́ orí ni ó ń ba ọta jẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ tán. Ọta tí ó wà nínú páálí rẹ̀, ní ibi tí ó tutù tí ó sì gbẹ, lè wà fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó sì tún ró dáadáa. Èyí tí a ń gbé kiri lójoojúmọ́ ni ìyà ń jẹ.

Òógùn ara ni ọ̀tá àkọ́kọ́. Iyọ̀ wà nínú òógùn, iyọ̀ àti ọ̀rinrin sì ń jẹ idẹ. Ẹni tí ó ń fi ìbọn há inú ṣòkòtò ní àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn Texas ń fi òógùn wẹ ọta rẹ̀ lójoojúmọ́. Awọ pẹ̀lú ní ewu tirẹ̀: ohun tí wọ́n fi ń ṣe awọ, pẹ̀lú ọ̀rinrin tí awọ ń fà mọ́ra, máa ń mú kí idẹ hu ìpẹtà aláwọ̀ ewé. Ẹ má ṣe fi ọta pa mọ́ fún ìgbà pípẹ́ sínú ìgbànú awọ, bí ó ti wù kí ó dára lójú tó. Ọta tí wọ́n fi nickel bo ìkarahun rẹ̀, tí ó máa ń dán bíi fàdákà, ń fara da òógùn ju èyí tí ó jẹ́ idẹ lásán lọ.

Òróró ni ọ̀tá kejì. Òróró díẹ̀ dára fún irin ìbọn, ṣùgbọ́n òróró tí ó ń wọ inú ihò tóóró lè rá pálá wọ ẹ̀gbẹ́ práímà, kí ó sì pa agbára iná rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ yọ ọta kúrò kí ẹ tó fi òróró kan ìbọn, kí ẹ sì nu inú ihò sílíńdà gbẹ kí ẹ tó dá ọta padà.

Ooru ọkọ̀ ni ẹ̀kẹta. Ọkọ̀ tí a pa sínú oòrùn máa ń gbóná ju ìta lọ fíìfíì, ooru tí ó ń lọ tí ó ń bọ̀ lójoojúmọ́ sì ń dín agbára ẹ̀tù kù díẹ̀díẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, inú ọkọ̀ ni àwọn olè ti máa ń rí ìbọn jí.

Ẹ̀kẹrin ni àwọn ohun tí a fi ń fọ idẹ kí ó máa dán. Àwọn mìíràn ní ammonia nínú, èyí tí ó máa ń mú kí idẹ sán. Láyé ìgbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso Íńdíà, àwọn ọmọ ogun wọn kó ọta pa mọ́ sí ilé ẹṣin ní àsìkò òjò. Nígbà tí wọ́n padà dé ibẹ̀, ìkarahun idẹ wọn ti sán láìsí ẹni tí ó fọwọ́ kàn wọ́n. Ọdún 1921 ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó ṣàlàyé ìdí rẹ̀ yékéyéké: ammonia tí ó ń ti ara ìtọ̀ ẹṣin jáde ni ó pa pọ̀ mọ́ ọ̀rinrin tí ó sì wó idẹ náà. Aṣọ gbígbẹ nìkan ni kí ẹ fi nu ọta yín.

Bí a ti ń yẹ̀ ẹ́ wò

Àwọn àgbà ní, ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a dojú rẹ̀ kọ òun? Ibi tí ìyẹ̀wò ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ yan àkókò tí ilé dákẹ́, tí àwọn ọmọ kò sí nítòsí, tí ọtí kò sí lẹ́nu. Ẹ pa tẹlifíṣọ̀n, kí ẹ sì gbé fóònù jìnnà. Ẹ dojú ìbọn kọ ibi tí kò ti lè pa ẹnikẹ́ni lára, kí ìka yín jìnnà sí ibi tí a fi ń yìn ín. Ẹ ṣí sílíńdà, ẹ gbé ẹnu ìbọn sókè, kí ẹ sì ti ọ̀pá tí ó ń lé ọta jáde. Ẹ ka àwọn ọta tí ó jáde, kí iye wọn bá iye ihò mu. Ẹ fi ojú wo ihò kọ̀ọ̀kan, ẹ fi ìka kàn án, kí ẹ lè rí i dájú pé ó ṣófo. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ọta lọ sórí tábìlì mìíràn, kí ìbọn àti ọta má ṣe wà ní ojú kan.

Ẹ wá mú ọta lọ́kọ̀ọ̀kan lábẹ́ iná tí ó mọ́lẹ̀ dáadáa.

Ẹ ka ohun tí a kọ sí ìdí rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ bá ohun tí a kọ sára ìbọn mu. Ìbọn .357 Magnum lè yin ọta .38 Special, ṣùgbọ́n ìbọn .38 kò gbọdọ̀ yin .357. SAAMI, ẹgbẹ́ àwọn tí ń ṣe ìbọn àti ọta ní Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1926, fi òpin agbára .38 Special sí 17,000 psi, èyí tí a kọ +P sí lára sí 20,000, ti .357 Magnum sì jẹ́ 35,000. Bí olùṣe ìbọn yín kò bá fọwọ́ sí +P, ẹ má ṣe lò ó.

Ẹ wo àwọ̀ rẹ̀. Idẹ tí ó kàn dúdú díẹ̀ nítorí ọjọ́ kò burú. Àwọ̀ ewé, ojú tí ìpẹtà ti jẹ wọlé, tàbí ibi tí ó sán, kò dára rárá. Ẹ yọ irú ọta bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀.

Ẹ fi ìka kan práímà. Ó yẹ kí ó tẹ́jú dọ́gba pẹ̀lú ìdí ìkarahun tàbí kí ó wọlé díẹ̀. Bí ó bá yọ síta, ó lè máa ha ara ìbọn títí tí sílíńdà kò fi ní í yí mọ́. Ẹ gbé ọta náà dúró lórí dígí tí ó tẹ́jú: bí ó bá ń mì, práímà rẹ̀ ti yọ. Bí àpá ìgbá bá wà lára práímà, a jẹ́ pé wọ́n ti yìn ín rí tí ó kọ̀. Ẹ má ṣe dá a padà sínú ìbọn.

Ẹ kó gbogbo wọn jọ, kí ẹ sì wo gíga wọn. Nínú rifọ́fà, pàápàá èyí tí ó fúyẹ́, bí ọta kan bá ró, ìtagìrì ìbọn lè fa orí àwọn ọta yòókù síwájú nínú ìkarahun wọn. Bí ọ̀kan bá yọ jù, yóò yọrí kọjá ojú sílíńdà, yóò gbún ara ìbọn, gbogbo rẹ̀ yóò sì há. Ìdí nìyí tí àwọn olùkọ́ fi ń gbà wá nímọ̀ràn pé kí á dán an wò ní pápá ìdánrawò ìbọn: kí á ki ọta kún sílíńdà, kí á yìn ín títí yóò fi ku ẹyọ kan, kí á yọ ẹyọ náà, kí á sì fi í wé èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú páálí. Bí ó bá ti gùn sí i, irú ọta yẹn kò bá ìbọn yín lára mu. Ẹ tún fi ìka méjì di orí ọta mú: bí ó bá ń mì tàbí tí ó ń yí, ẹ yọ ọ́ sọ́tọ̀.

Ẹ wo ihò orí rẹ̀, bí ó bá jẹ́ irú èyí tí ó ní ihò. Ihò náà ni ó ń jẹ́ kí orí ọta fẹ̀ nígbà tí ó bá ba nǹkan. Òwú tí ó dí i lè má jẹ́ kí ó fẹ̀.

Níkẹyìn, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré gbá ìdọ̀tí kúrò lábẹ́ irin tí ó ń lé ọta jáde. Hóró ẹ̀tù díẹ̀ tí ó há síbẹ̀ tó láti mú sílíńdà há. Kí ẹ tó dá ọta padà sípò, ẹ rí i pé kálukú wọn wọ inú ihò fúnra rẹ̀, láìjẹ́ pé ẹ tì í.

Bí ọta bá kọ̀ láti ró

Ní pápá ìdánrawò, bí ẹ bá yin ìbọn tí ó kàn dún pa, tí kò ró, ẹ má ṣe kánjú. Iná lè ti ràn kí ó sì máa lọ díẹ̀díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹnu ìbọn wà níbi tí ó kọ sí fún ìṣẹ́jú àáyá 30, ó kéré tán, kí ẹ tó ṣí i. Ẹ má sì ṣe yára fà á lẹ́ẹ̀kejì, nítorí pé ọta tí ó pẹ́ ró náà lè wá ró nígbà tí sílíńdà ti gbé e kúrò lẹ́yìn ọ̀pá ìbọn.

Èyí tí ó tún léwu jù ni ọta tí ìró rẹ̀ rẹlẹ̀, tí ìbọn kò sì ta padà bí ó ti yẹ. Orí ọta náà lè ti há sínú ọ̀pá ìbọn. Ẹni tí ó bá yin òmíràn tẹ̀ lé e lè fọ́ ìbọn náà mọ́ ara rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹ ké sí ẹni tí ń bójú tó pápá náà.

Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ní kí á máa yin ọta tí a ń gbé kiri tán ní pápá ní oṣù mẹ́fà sí mẹ́fà, tàbí lọ́dọọdún ó pẹ́ tán, kí á sì fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Ìdánrawò ni, ìmọ́tótó sì ni. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ ki tuntun sí i sára páálí. Ní ti èyí tí ó ti bàjẹ́, ẹ má ṣe jù ú sí ààtàn, ẹ má sì ṣe sọ ọ́ sínú iná. Ẹ béèrè ní pápá ìdánrawò tàbí ní àgọ́ ọlọ́pàá tí ó wà ní àdúgbò yín, bóyá wọn yóò gbà á.

Kíkà ni ààbò ilé

Gbogbo ohun tí a ti sọ yìí, ìbọn ni ó ń dáàbò bò. Kíkà ni ó ń dáàbò bo ọmọ. Ọmọ ọdún mẹ́rin kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ọta àti ohun ìṣeré tí ó ń dán. Ìmọ̀ràn tí ó wọ́pọ̀ ni pé kí ìbọn tí a kò gbé sára wà lábẹ́ kọ́kọ́rọ́, kí ọta wà lábẹ́ kọ́kọ́rọ́ mìíràn, kí ó sì wà nínú páálí rẹ̀ gan-an. Mo fi ọ̀kan kún un: kí iye ọta inú ilé wà ní àkọsílẹ̀, kí ẹni méjì sì mọ̀ ọ́n. Bí ọkọ nìkan bá mọ iye rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò mọ̀ nígbà tí ó bá ṣìkà.

Ọ̀rẹ́ mi kó àwọn ọta tí ó ti dípẹtà lọ sí pápá ìdánrawò, wọ́n sì gbà wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ra páálí tuntun oní-ogún. Ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù, nígbà tí àwọn ìbejì bá sùn, òun àti Ìyá Ìbejì máa ń jókòó ti tábìlì yẹn pẹ̀lú ìwé kékeré kan. Òun yóò yẹ ọta wò, ìyàwó rẹ̀ yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀: márùn-ún nínú ìbọn, márùn-ún nínú àpò, mẹ́wàá nínú páálí. Bí iye náà bá ti pé ogún, wọn yóò ti ilẹ̀kùn àpótí, wọn yóò sì lọ sùn.